Omi Tó Ń Jáde Lára Ọtí Tí Kò Lómi

Ní apá Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ, àwọn tó ń se ògógóró mọ iṣẹ́ wọn dunjú. Wọ́n á da ẹmu ògùrọ̀ tó ti kan sínú àgbá, wọ́n á dáná sí i nídìí, ooru ọtí á gba inú ọ̀pá kọjá nínú omi tútù, á sì máa kán tó, tó, tó sínú ìgò. Ọtí gan-an, èyí tí wọ́n ń pè ní ẹ́tánọ́ọ̀lù, máa ń hó nígbà tí ooru bá dé 78°C. Omi kì í hó àfi tó bá dé 100°C. Ìdí nìyẹn tí ọtí fi ń ṣáájú omi jáde. Bí wọ́n bá tún un sè, omi inú rẹ̀ á tún dín kù. Ṣùgbọ́n bí èèyàn sè é nígbà ọgọ́rùn-ún, ọtí ibẹ̀ kò ní kọjá nǹkan bí 95.6 nínú ìwọ̀n 100, torí pé tó bá ti débẹ̀, ọtí àti omi á jọ máa hó pọ̀ bí ẹni pé nǹkan kan náà ni wọ́n.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà, ni mo fi bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀. Bí àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì bá ní àwọn ń yọ omi kúrò lára ọtí, ohun tó máa ń wá sí wa lọ́kàn ni iṣẹ́ àwọn elógógóró yìí. Kì í ṣe òun rárá. Omi inú ọtí yàtọ̀ sí omi ara ọtí. Omi inú ọtí ni èyí tó dà pọ̀ mọ́ ọn nínú ìgò, tí a lè sè kúrò. Omi ara ọtí kò tíì di omi. Bí ẹ bá mú ẹ́tánọ́ọ̀lù tó mọ́ pátápátá, tí kò sí ẹ̀kán omi kan ṣoṣo nínú rẹ̀, omi ṣì lè tibẹ̀ jáde. Bí òkúta kan tó ń jẹ́ síóláìtì ṣe ń já omi yẹn, àti bí àwọn onímọ̀ ṣe ń fi ìtànṣán wò ó, ni ọ̀rọ̀ wa.

Ẹ jẹ́ ká wò ó. Mólíkù ẹ́tánọ́ọ̀lù kan, ìyẹn ẹyọ rẹ̀ tó kéré jù lọ, ní kábọ́nù méjì, háídrójìn mẹ́fà àti ọ́ksíjìn kan. Ọ́ksíjìn yẹn di kábọ́nù kan mú lápá kan, ó di háídrójìn kan mú lápá kejì. Bí nǹkan kan bá já ọ́ksíjìn àti háídrójìn rẹ̀ yẹn kúrò lára kábọ́nù àkọ́kọ́, tó tún gba háídrójìn kan lára kábọ́nù kejì, ohun tó já yẹn di omi. Ohun tó ṣẹ́ kù di gáàsì tí wọ́n ń pè ní ẹ́tílíìnì. Nínú gíráàmù 46 ẹ́tánọ́ọ̀lù, gíráàmù 28 á di ẹ́tílíìnì, gíráàmù 18 á di omi. Nǹkan kan ò ṣòfò.

Ẹ́tílíìnì yìí ni wọ́n fi ń ṣe láílọ̀nù tí a fi ń di ẹ̀kọ àti búrẹ́dì, òun náà ni wọ́n fi ń ṣe ike oríṣiríṣi. Inú epo rọ̀bì àti gáàsì abẹ́ ilẹ̀ ni ayé ti ń rí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìlú Triunfo, ní gúúsù Brazil, ilé iṣẹ́ Braskem ṣí ibi iṣẹ́ kan ní ọdún 2010 tó ń fi ẹ́tánọ́ọ̀lù ìrèké ṣe é, wọ́n sì kọ́ ọ láti lè mú nǹkan bí 200,000 tọ́ọ̀nù jáde lọ́dún. Ìrèké di ọtí, ọtí di ẹ́tílíìnì, ẹ́tílíìnì di ike. Ẹ̀gẹ́ tiwa náà lè di ẹ́tánọ́ọ̀lù. Ìyẹn ni kò fi yẹ ká rò pé ọ̀rọ̀ àwọn tó jìnnà sí wa ni èyí.

Omi ara ọtí kì í já fúnra rẹ̀. Ó nílò ooru, ó sì nílò amúṣẹ́yá, ìyẹn ohun tó ń mú kí iṣẹ́ kẹ́mísírì yá, tí òun fúnra rẹ̀ kò sì ní tán síbẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́, alumina, ìyẹn alumíníọ́mù tó so pọ̀ mọ́ ọ́ksíjìn, ni wọ́n ń lò, ooru rẹ̀ sì máa ń kọjá 300°C. Síóláìtì náà lè ṣe é, ooru tó nílò sì lè kéré sí ìyẹn púpọ̀.

Síóláìtì jẹ́ oríṣi òkúta kan. Ọmọ ilẹ̀ Sweden kan, Axel Fredrik Cronstedt, ló sọ ọ́ lórúkọ ní ọdún 1756. Ó fi iná sun òkúta náà, ó rí i pé èéfín omi ń tú lára rẹ̀ bí ẹni pé ó ń hó, ló bá fi èdè Gíríìkì pè é ní òkúta tó ń hó. Ibo ni omi náà sá pa mọ́ sí? Nínú ihò tí ojú lásán kò lè rí. Ẹ ronú nípa ilé tí àwọn yàrá kọjú síra wọn, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn sì gba àárín kọjá, kí ẹ wá máa to irú ilé bẹ́ẹ̀ lé ara wọn, kí ẹ tò ó mọ́ ara wọn, títí dé ibi tí ojú kò tó. Bí inú síóláìtì ṣe rí nìyẹn. Nínú irú èyí tí wọ́n ń pè ní ZSM-5, tí ilé iṣẹ́ Mobil ní Amẹ́ríkà gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní ọdún 1972, ìbú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò ju nǹkan bí 0.55 nanometre lọ. Bí a bá pín mítà kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, ìdá kan nínú rẹ̀ ni nanometre kan. Mólíkù ọtí kan lè wọlé, ó sì lè yí ara pa dà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè jó níbẹ̀. Gíráàmù kan péré nínú rẹ̀, tí kò kún ṣíbí ìmutíì, ní ògiri inú tó jẹ́ pé bí a bá tẹ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo pápá básíkẹ́tì, nǹkan bí 400 mítà níbùú-lóròó.

Ohun mìíràn tó ń da ọ̀rọ̀ rú ni pé síóláìtì wà nínú iṣẹ́ méjèèjì. Àwọn tó fẹ́ kí ẹ́tánọ́ọ̀lù wọn kọjá 95.6 yẹn máa ń gbà á gba inú síóláìtì tí ihò rẹ̀ kéré gan-an, èyí tí wọ́n ń pè ní 3A. Omi nìkan ló lè wọ inú ihò náà, ọtí á kọjá lọ lóde. Asẹ́ ni síóláìtì jẹ́ níbẹ̀, omi inú ọtí ló sì ń yọ. Èyí tí à ń sọ níbí kì í ṣe asẹ́. Ó ń gba ọtí wọlé, ó sì ń já omi lára rẹ̀. Ìdílé kan náà ni àwọn òkúta méjèèjì, iṣẹ́ wọn ló yàtọ̀.

Kí ló wá wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà tó lè já omi? Ẹyọ háídrójìn kan ni. Sílíkọ̀n àti ọ́ksíjìn ló pọ̀ jù lára ògiri síóláìtì, sílíkọ̀n kọ̀ọ̀kan sì ní ọwọ́ mẹ́rin tó fi di ọ́ksíjìn mẹ́rin mú. Nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é, wọ́n máa ń fi alumíníọ́mù rọ́pò sílíkọ̀n níbì kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ mẹ́ta péré ni alumíníọ́mù mú wá. Àyè kan ṣófo, ẹyọ háídrójìn kan ló sì máa ń wá jókòó sórí ọ́ksíjìn tó wà láàárín sílíkọ̀n àti alumíníọ́mù náà láti dí i. Háídrójìn yìí kò fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ mọ́ ibi tó wà. Ẹni tó bá béèrè fún un lè gbà á. Ohun tó ń jẹ́ ásíìdì nìyẹn, àyè ásíìdì sì ni màá máa pe ibẹ̀ láti ìsinsìnyí lọ.

Ọtí á wọlé, á fi ọ́ksíjìn rẹ̀ tọrọ háídrójìn náà, omi á já. Títí dé ibí yìí, kò sẹ́ni tó ń jiyàn. Ìjà wà nínú bó ṣe ń já.

Ẹ wo mẹ́tánọ́ọ̀lù, àbúrò ẹ́tánọ́ọ̀lù, tó ní kábọ́nù kan ṣoṣo. Bí méjì nínú rẹ̀ bá wọ inú síóláìtì, omi kan á jáde pẹ̀lú mólíkù kan tó ń jẹ́ dimethyl ether. Ọ̀nà méjì ni èyí lè gbà ṣẹlẹ̀. Ó lè jẹ́ pé mẹ́tánọ́ọ̀lù méjèèjì jọ wá sí àyè ásíìdì kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọ̀kan ń gba kábọ́nù èkejì bí omi ti ń já lọ́wọ́, tí gbogbo rẹ̀ á sì parí lójú ẹsẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ọ̀kan ló kọ́kọ́ dá wá, tí omi já lára rẹ̀, tí ìyókù rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri síóláìtì. Wọ́n ń pe alámọ̀ọ́gírí yìí ní methoxy. Nígbà tó bá yá, mẹ́tánọ́ọ̀lù kejì á dé, á ká a kúrò lára ògiri, wọ́n á sì jọ jáde. Ohun tó wọlé nínú ọ̀nà méjèèjì kò yàtọ̀, ohun tó jáde náà kò yàtọ̀. Inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde, ṣùgbọ́n ẹni tó rí ẹ̀kọ nìkan kò tíì mọ ohun tí iná ṣe fún ògì.

Iṣẹ́ spectroscopy, ìyẹn fífi ìtànṣán yẹ nǹkan wò, nìyẹn: láti mọ ohun tó ń lọ nínú ìkòkò láìṣí ìdérí.

Ní ọdún 1800, William Herschel fi dígí pín ìtànṣán oòrùn sí àwọ̀ rẹ̀, ó sì ń fi tẹmómítà wọn ooru àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó gbé tẹmómítà kọjá àwọ̀ pupa, síbi tí ojú kò ti rí ìmọ́lẹ̀ kankan, ooru tún ga sí i. Ìtànṣán tí ojú kò rí yìí ni infrared, òun sì ni irinṣẹ́ tó wúlò jù fún ọ̀rọ̀ wa. Àwọn átọ́mù inú mólíkù, ìyẹn àwọn kábọ́nù, háídrójìn àti ọ́ksíjìn yẹn, kì í dúró jẹ́ẹ́. Ìdè tó so wọ́n pọ̀ máa ń gbọ̀n bí awọ ìlù, ìdè kọ̀ọ̀kan sì ní ohùn tirẹ̀. Bí infrared tó bá ohùn ìdè kan mu bá kọjá, ìdè náà á gbà á mu. Ẹni tó ń wò lódì kejì á rí i pé ohùn yẹn ti dín kù nínú ìtànṣán tó jáde, á sì mọ ìdè tó wà nínú ilé.

Ẹni tó bá mọ gángan á tètè yé. Bí onílù bá fún ọṣán mọ́ra, awọ á le, ohùn á lọ sókè. Bó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀. Ìdè mólíkù náà rí bẹ́ẹ̀. Ìdè ọ́ksíjìn mọ́ háídrójìn ní àyè ásíìdì ZSM-5 ní ohùn tó wà ní nǹkan bí 3600. Òǹkà yìí jẹ́ iye ìgbì tó wà nínú sẹ̀ǹtímítà kan, ó sì túmọ̀ sí pé ìdè náà ń gbọ̀n ní ohun tó lé ní mílíọ̀nù kan lọ́nà ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí nǹkan bá fa háídrójìn náà lódì kejì, ìdè á dẹ̀, ohùn á wálẹ̀. Bí onílù bàtá ṣe ń fi ìda sójú awọ kí ohùn rẹ̀ lè wúwo, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn onímọ̀ ṣe lè fi deuterium, háídrójìn tó wúwo ní ìlọ́po méjì, rọ́pò háídrójìn gidi. Ohùn 3600 á já wálẹ̀ sí nǹkan bí 2660. Ìdè náà kò yí pa dà, ẹrù orí rẹ̀ ló wúwo sí i. Wọ́n ń fi èyí dá háídrójìn tó wá láti ara ọtí mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó wá láti ara òkúta.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wọ́n á lọ síóláìtì kúnná, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ títí á fi fẹ́lẹ́ bí ìwé, nǹkan bí 10 mílígíráàmù fún sẹ̀ǹtímítà níbùú-lóròó kan. Bó bá nípọn jù, ìtànṣán kò ní jáde. Wọ́n á gbé e sínú àpótí kékeré tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, wọ́n á sì yan án ní nǹkan bí 450°C kí gbogbo omi tó ti fà látinú afẹ́fẹ́ lè lọ. Dígí lásán kì í jẹ́ kí infrared yìí kọjá, nítorí náà òkúta calcium fluoride ni fèrèsé àpótí náà. Lójú ẹ̀rọ, ìlà kan á yọ. Ẹ ó rí ṣóńṣó tẹ́ẹ́rẹ́ kan ní 3745. Ti àwọn háídrójìn tó wà lẹ́yìn ilé àti níbi tí ògiri ti sán ni ìyẹn, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ bá wa ṣiṣẹ́. Òmíràn á wà ní 3600. Òun là ń wá.

Wọ́n á wá jẹ́ kí ooru mẹ́tánọ́ọ̀lù díẹ̀ wọlé. Ṣóńṣó 3600 á rẹlẹ̀, á sì sọnù. Háídrójìn náà kò kúrò nílé, ohùn rẹ̀ ló yí pa dà. Dípò ṣóńṣó kan, òkè mẹ́ta tó fẹ̀ bàràbàrà á yọ, ní nǹkan bí 2900, 2400 àti 1700. Òkè mẹ́ta yìí dá àríyànjiyàn ńlá sílẹ̀. Àwọn kan ní ẹ̀rí ni pé mẹ́tánọ́ọ̀lù ti gba háídrójìn náà pátápátá. Àwọn mìíràn ní rárá, pé wọ́n kàn di ara wọn mú ni. Ní àwọn ọdún 1990, ìṣirò orí kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í tan ìmọ́lẹ̀ sí i: mẹ́tánọ́ọ̀lù kan ṣoṣo kò lágbára tó láti já háídrójìn náà gbà, ó kàn ń fà á gidigidi, ìyẹn ló dẹ ìdè náà tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí èkejì bá dé, àwọn méjèèjì lè jọ gbà á. Ẹ wo bí iye àlejò ṣe yí ìtumọ̀ àwòrán pa dà.

Ìdè tí à bá fẹ́ rí jù lọ ni ti kábọ́nù mọ́ ọ́ksíjìn, torí òun ló ń já. Ó ṣeni láàánú pé ohùn rẹ̀ wà nítòsí 1050, ibẹ̀ gan-an sì ni ògiri síóláìtì fúnra rẹ̀ ti ń pariwo. Sílíkọ̀n àti ọ́ksíjìn pọ̀ níbẹ̀ débi pé wọ́n gba gbogbo ìtànṣán agbègbè náà mu, ẹ kò ní gbọ́ ẹlòmíràn. Gbogbo ìmọ̀ tí a ní nípa bí ìdè náà ṣe ń já nípasẹ̀ infrared, ẹ̀gbẹ́ la gbà mọ̀ ọ́n: nípa wíwo háídrójìn tó wà lára kábọ́nù, àti èyí tó wà ní àyè ásíìdì. Sùúrù tí iṣẹ́ yìí gbà kọjá ohun tí ẹnu lè sọ.

Bí ooru bá ga sí i, omi á já. Ṣóńṣó kékeré á yọ ní nǹkan bí 2980 àti 2868, níbi tí ohùn methoxy wà. Ọ̀nà kejì wá jẹ́ òótọ́ nìyẹn? Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí díẹ̀, torí ibi tí àṣìṣe pọ̀ sí jù lọ nìyí, títí kan lọ́dọ̀ àwọn tó gbọ́n. Pé a rí nǹkan kò túmọ̀ sí pé òun ló ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá ya fọ́tò òde ìgbéyàwó, àwọn tó wọ aṣọ ẹbí ló máa kún inú rẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń ro àmàlà lẹ́yìn ilé kò ní hàn. Ohun tó bá jókòó pẹ́ sínú síóláìtì láìṣe nǹkan kan ló máa ń hàn jù lójú ẹ̀rọ. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ gan-an lè máa wá, kó sì máa lọ kíákíá débi pé kò ní pọ̀ tó láti rí.

Ọ̀rọ̀ ẹ́tánọ́ọ̀lù fi èyí hàn dáadáa. Bí ooru kò bá pọ̀, ẹ́tánọ́ọ̀lù méjì máa ń pé jọ sí àyè ásíìdì kan. Tọkọtaya yìí lè di mólíkù kan tó ń jẹ́ diethyl ether, ṣùgbọ́n kì í tètè di ẹ́tílíìnì. Ẹ́tílíìnì ń fẹ́ kí ọtí kan dá wà. Àwọn olùwádìí wá rí i pé nínú irú síóláìtì kan tó ń jẹ́ mordenite, àwọn kọ̀rọ̀ kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ńlá, tó há débi pé méjì kò lè bára wọn gbé ibẹ̀. Níbẹ̀, láìfi ooru kún un, ẹ́tílíìnì jáde. Ìwọ̀n yàrá ló pinnu ohun tí a ó bí.

Omi tó já náà kò tètè fi ilé sílẹ̀. Ó lè dúró ti àyè ásíìdì, kó máa dí ọtí tuntun lọ́wọ́, ohùn rẹ̀ á sì hàn ní nǹkan bí 1630.

Ẹ̀rọ mìíràn tún wà tí wọ́n ń pè ní NMR, tó ń lo mágnẹ́ẹ̀tì ńlá. Irú kábọ́nù kan tí kò ju nǹkan bí 1.1 nínú 100 kábọ́nù ayé yìí ló ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Wọ́n máa ń ra ọtí tí wọ́n ti fi irú kábọ́nù yìí nìkan ṣe, wọ́n á kó síóláìtì sínú ọ̀pá oníhò kékeré, wọ́n á dẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sí agbára mágnẹ́ẹ̀tì náà ní igun 54.7°, wọ́n á sì máa fi í yí bí òkòtó. NMR mọ iye kà dáadáa, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́. Infrared yára jù ú lọ.

Bí wọ́n ṣe ń dá òṣìṣẹ́ mọ̀ yàtọ̀ sí òǹwòran ni kí wọ́n wò ó nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Wọ́n ń pe èyí ní operando, ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí pé nǹkan ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ìtànṣán ń kọjá nínú síóláìtì gbígbóná, ooru ọtí ń wọlé lápá kan, ẹ̀rọ mìíràn sì wà lẹ́nu ọ̀nà àbájáde tó ń ka ohun tó ń jáde ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú. Wọ́n á wá da ìlù rú lójijì.

Wọ́n á ti mẹ́tánọ́ọ̀lù pa, afẹ́fẹ́ tí kì í bá ẹnikẹ́ni ṣiṣẹ́ nìkan ni wọ́n á jẹ́ kó máa kọjá. Mẹ́tánọ́ọ̀lù tó kàn di àyè ásíìdì mú á lọ. Methoxy kò ní lọ, ṣóńṣó 2868 á dúró síbẹ̀, kò sì ní sí dimethyl ether lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá ń kánjú lè sọ pé òǹwòran ni. Ṣùgbọ́n wọ́n á tún ṣí mẹ́tánọ́ọ̀lù díẹ̀ wọlé. Ṣóńṣó 2868 á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀. Bó ṣe ń rẹlẹ̀ ni dimethyl ether ń pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, èkíní ń fà, èkejì ń tẹ̀ lé e. Methoxy lè ṣiṣẹ́ náà, ojú ti rí i. Bóyá òun nìkan ló ń ṣe é lábẹ́ gbogbo ooru àti gbogbo ìwọ̀n ọtí, ìyẹn ṣì ń fa ìjiyàn láàárín àwọn onímọ̀ títí di òní. Ohun tí ọ̀pọ̀ gbà ni pé ọ̀nà méjèèjì wà, àti pé bí ooru ṣe tó àti bí ọtí ṣe pọ̀ tó nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń pinnu èyí tí ẹsẹ̀ pọ̀ sí.

Bí wọ́n bá tún ti mẹ́tánọ́ọ̀lù pa, tí wọ́n jẹ́ kí inú ilé dá, ẹ wo apá òkè ìlà náà. Ní 3600, ṣóńṣó tó ti sọnù láti ìgbà tí ọtí àkọ́kọ́ wọlé á tún yọ díẹ̀díẹ̀. Háídrójìn ti pa dà sórí ọ́ksíjìn tó wà láàárín sílíkọ̀n àti alumíníọ́mù, ó tún ń gbọ̀n ní ohùn tirẹ̀, ó ń retí ọtí mìíràn.